Iṣu Alága Kò Ní Orí

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba Arándùn lọ sí Rórẹ́, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú láti wá Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́. Kí ẹ tó sín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó ti kọjá rẹ̀. Ìlú wa kéré. Ohun ńlá kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ nígbà kan ni Alága Lawrence Olúṣẹ̀yẹ, òun nìkan ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo àyè tán mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tí owó epo bẹntiróòlù fò sókè, tó sì kọ̀ tí kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Gbogbo ilé ló wá ọgbọ́n dá. Ẹni tó ń fi kẹrosíìnì dáná tẹ́lẹ̀ padà sídìí igi. Ẹni tó ń fi igi dáná ń sá èèpo ọsàn sórí òrùlé kó lè fi ṣáná. Àwa tí à ń mu tíì onísúgà láàárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé tíì lẹ́yìn balùwẹ̀, a sì ń mu ún bí a ṣe rí i. Omi tí a fi fọ ìrẹsì ni à ń dà sídìí ẹ̀fọ́, nígbà tí ìrẹsì bá wà. Ìyàwó pásítọ̀ àti ìyàwó lèmọ́mù ń se ọbẹ̀ nínú ìkòkò kan ṣoṣo, wọ́n á wá pín in sí méjì, nítorí igi tó se ọbẹ̀ kan náà ló ń se méjì. Nǹkan le, èmi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n à ń jẹun, kò sì sí ẹni tó kọ́ wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn ọlọ́gbọ́n kan jókòó, wọ́n rí i pé ìlú ń jẹun láìgbàṣẹ, wọ́n ní ó yẹ kí ẹnì kan wà tí yóò máa kọ́ wa bí a ṣe ń ṣe ohun tí à ń ṣe tẹ́lẹ̀. Wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Gbìn-Kí-O-Jẹ sílẹ̀, wọ́n sì fi Lawrence Olúṣẹ̀yẹ ṣe alága rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi mú un ni pé òun nìkan ló ní aṣọ tó yẹ ipò náà.

Ọjọ́ tí wọ́n fi í jẹ alága, àtíbàbà mẹ́rin ni wọ́n ta. Ìrẹsì òkèèrè ni wọ́n sè fún àwọn tó wá gbọ́ ìwàásù nípa oúnjẹ ilé. Alága dìde lẹ́yìn ìrun Alásárì, ó na ọwọ́ rẹ̀ sókè, òrùka mẹ́ta sì ń dán níbẹ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" ló wí. "Èmi Lawrence Olúṣẹ̀yẹ, ìmọ́lẹ̀ Ìgbómìnà, mo dúró lónìí lórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì láti kéde fún yín pé ebi ti kú! Èmi ni mo pa á! Láti òní lọ, ẹ máa ṣọ́wó ná, ẹ máa gbìn, ẹ máa jẹ! Ẹ wo èmi fúnra mi. Nínú ilé mi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo là ń jẹun lójúmọ́!"

Ìyàwó rẹ̀, Àyìnkẹ́, tó jókòó nítòsí, wúkọ́. Ẹ má rò pé irọ́ ni Alága pa o. Wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á parí lálẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà ni.

Nígbà tí yóò fi dákẹ́, oòrùn ti ń wọ̀, ìrẹsì ti di yìnyín, àwọn àgbàlagbà méjì sì ti sùn tí wọ́n tún ti jí. Ibẹ̀ ni Mubashir ti gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mubashir ni akọ̀wé Alága. Ọmọ ìlú wa ni, ọmọlúàbí ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti wọ́n, ó sì ní ìyàwó nílé. Ó pariwo pé, "Baba Oúnjẹ!" Gbogbo wa ní láti dáhùn pé, "Ó tó jẹ, ó tún ṣẹ́ kù!" Ẹ̀ẹ̀mẹta la máa ń ṣe é. Ó di òfin pé kò sí ẹni tí yóò bá Alága sọ ohunkóhun láìkọ́kọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkùnrin kan sáré wá lọ́jọ́ kan láti sọ fún un pé ewúrẹ́ Alága ti jìn sí kànga. Kó tó kí i tán, ewúrẹ́ ti mu omi yó.

Ká tó wí, ká tó fọ̀, òfin ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Òfin Kìíní: gbogbo ọgbà ẹ̀yìnkùlé gbọ́dọ̀ gún régé, okùn ni a ó fi wọ̀n ọ́n. Òfin Kejì: ẹ̀gúsí, elégédé àti gbogbo ohun tó ń fà kò gbọdọ̀ gun òrùlé láìgba ìwé àṣẹ. Òfin Kẹta kan ebòlò. Alága rí ebòlò lẹ́yìn ilé ìwé, ó bèèrè ẹni tó gbìn ín, wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbìn ín, pé ó hù fúnra rẹ̀ ni.

"Ó hù fúnra rẹ̀?" Alága yíjú sí Mubashir. "Ta ló fún un láṣẹ? Kọ ọ́ sílẹ̀! Ẹ̀fọ́ tí kò bá ní ẹni tó gbìn ín, ẹ̀fọ́ aláìgbọràn ni!"

Mubashir kọ ọ́ sílẹ̀. Báyìí ni ó ṣe di pé à ń jí ebòlò já bí olè, ebòlò tí àwọn ìyá ìyá wa ń já kí wọ́n tó bí ẹni tó bí Alága.

Òfin Kẹrin ni kí ẹ fi sọ́kàn fún mi. Alága gbọ́ pé obìnrin kan fẹ́ ra tòmátì ní Àjàṣẹ́-Ìpo kó wá fi hàn gẹ́gẹ́ bí ti ọgbà rẹ̀ nígbà tí àlejò bá dé. Inú bí i débi pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ òfin náà, tó tún fọwọ́ sí i nísàlẹ̀: ẹnikẹ́ni tó bá gbé irè oko ẹlòmíràn síwájú àlejò, tó sì pè é ní tirẹ̀, ọgbà rẹ̀ di ti ẹni tó ni irè náà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó ní òfin yìí ló dùn mọ́ òun nínú jù lọ. Kò pẹ́ tí òfin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sẹ́yìn dìsìpẹ́ńsárì àtijọ́ báyìí. Ibẹ̀ ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Jàrátù ti ń dáko. Kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá Yusrah la mọ̀ ọ́n sí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ní nǹkan bí ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, àwọn àgbà ìlú ní kó máa ro ilẹ̀ náà. Òkúta àti àlàpà ló kún ibẹ̀ nígbà náà. Òun ló fi ọwọ́ ṣa òkúta rẹ̀, tó ń ru ìgbẹ́ adìẹ lọ síbẹ̀ lórí láràárọ̀, títí ilẹ̀ fi dúdú. Iṣu wà níbẹ̀, àgbàdo wà láàárín iṣu, gbọ́rọ̀ ń fà láàárín àgbàdo, ata sì wà níbikíbi tí ẹyẹ bá ti fọ́n ọn sí. Ilẹ̀ yìí ló ń bọ́ òun, Yusrah ọmọ rẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ ti pàdánù iṣẹ́ ní Ìlọrin, àti àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ méjì. Wọn ò ní ibòmíràn. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: bí ilẹ̀ yẹn bá lọ, ebi dé nìyẹn.

Alága dé ibẹ̀ pẹ̀lú okùn rẹ̀ lóṣù Karùn-ún. Ó wò yíká, ó fi ìka gba òógùn níwájú orí.

"Kí nìyí?" ló bèèrè.

"Oúnjẹ ni, Bàbá," ni Ìyá Yusrah dáhùn. Ìgbómìnà pọ́ńbélé ló fi sọ ọ́, èmi ni mò ń kọ ọ́ báyìí kí gbogbo yín lè kà á.

"Oúnjẹ? Ìdàrúdàpọ̀ ni! Ìlà dà? Níbo ni kí n gbé okùn mi sí?"

"Bàbá, iṣu ò mọ okùn o. Ibi tí ilẹ̀ bá ti jìn ni mo kọ ebè sí."

Alága rẹ́rìn-ín sí Mubashir bí ẹni pé ọmọdé ló sọ̀rọ̀. Ó wá ṣàlàyé ohun tó bá wá. Ọgbà Àwòkọ́ṣe ti Alága fúnra rẹ̀ wà ní òdìkejì ọ̀nà. Ní oṣù Kẹjọ, ọ̀gá àgbà kan ń bọ̀ láti Ìlọrin láti wá wo ọgbà yìí. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn àlejò mìíràn yóò máa rọ́ wá láti gbogbo ayé. Wọ́n máa gbé mọ́tò wá. Mọ́tò wọn gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò dúró sí.

"Nítorí náà," ni Alága wí, "ní ọjọ́ Jímọ̀ tó bá tẹ̀lé àbẹ̀wò náà, a ó ro ibí yìí kanlẹ̀, a ó sì da òkúta sí i. Ẹ ti sin ìlú, Màmá. Ìtàn kò ní gbàgbé yín."

Ó yé yín, àbí kò yé yín? Ó fẹ́ pa oko tó ń so oúnjẹ run, kí àwọn tó ń bọ̀ wá wo bí a ṣe ń gbin oúnjẹ lè rí ibi gbé mọ́tò sí. Kò sì sí ẹni tó bi í léèrè. Gbogbo ìgbìmọ̀ ní, "Ó tó jẹ, ó tún ṣẹ́ kù."

Ìyá Yusrah lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó kúnlẹ̀, ó kí i ní kíkí òfin, ó gbé gbọ́rọ̀ lọ. Alága gba gbọ́rọ̀. Àyìnkẹ́ ló se é, ó sì dùn débi pé Alága bèèrè ọjà tí wọ́n ti rà á. Àyìnkẹ́ wò ó lójú, ó kó àwo kúrò níwájú rẹ̀.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tó wà nínú Ọgbà Àwòkọ́ṣe? Pátákó ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Pátákó náà ga ju ilé lọ, wọ́n ya ojú Alága sí i, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, iṣu kan sì wà ní àyà rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Àyè tún wà láàárín ọgbà tí Alága ní wọn yóò gbé ère òun sí, èyí tí wọn yóò fi òkúta gbẹ́ bíi ti Èsìẹ́, kí àwọn ìran tó ń bọ̀ lè mọ ẹni tó bọ́ àwọn bàbá wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ebè ogójì, tí wọ́n fi okùn tò títí tí wọ́n fi jọ ọmọ ilé ìwé lórí ìlà.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbin nǹkan sínú ebè yìí, Alága kò béèrè ohun tí yóò tètè ta. Ohun tó wí fún Mubashir ni pé, "Ewé ni mo fẹ́. Ewé tí ẹni tó wà nínú mọ́tò yóò rí láti ojú títì. Ewé tó fẹ̀, tó ń dán!" Mubashir kì í ṣe àgbẹ̀. Ó bèèrè ní ọjà iṣu tí ewé rẹ̀ ń dán jù, wọ́n ní ewùrà ni. Ewùrà ló gbìn. Ewùrà kò já a kulẹ̀ lóòótọ́. Kí oṣù Keje tó parí, ewé ti bo gbogbo èèkàn. Alága máa ń dúró síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń kí ewé náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fọwọ́ kan ọkọ́ rí ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ pé ewùrà kì í ṣe iṣu tó ń yára. Nígbà tí iṣu funfun bá ti jáde, tí à ń gún un, tí à ń fi í tọrẹ, ewùrà ṣì wà nísàlẹ̀ tó ń ronú. Ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí àlejò dé, Mubashir wa ilẹ̀ wò ní ìdí ebè kan. Ó rí ohun kan tó tó àtàǹpàkò. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Alága.

"Baba Oúnjẹ," ló wí lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta. "Iṣu ò tíì ta, sà."

"Kò tíì ta báwo?"

"Ewùrà ni, sà. Wọ́n ní ó di oṣù Kejìlá."

Alága dìde. "Ta ló sọ fún un pé oṣù Kejìlá? Èmi ti fi ìwé ránṣẹ́ sí Ìlọrin pé oṣù Kẹjọ! Ṣé iṣu ló máa wá yí ọjọ́ tí mo dá padà?"

"Iṣu ò kàwé, sà."

"Mubashir!"

"Mo tọrọ gáfárà, sà."

Wọ́n jókòó, wọ́n ronú. Ohun tí Alága pa láṣẹ níkẹyìn ni pé kí Mubashir wá iṣu méje tó gbé pẹ́ẹ́lí, kó sin wọ́n sínú ebè méje tó wà níwájú, kí òun Alága lè wa wọ́n jáde lójú àlejò. Ó fún Mubashir ní àṣẹ. Kò fún un ní kọ́bọ̀. Mubashir kò lè fi àṣẹ wọ ọ̀kadà dé Àjàṣẹ́-Ìpo, nítorí náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ sẹ́yìn dìsìpẹ́ńsárì.

"Àsàlámù àlékùn, Ìyá."

"Wàálékùn sàlámù, Mubashir. Ilé ńkọ́?"

Mubashir wo ilẹ̀. Ó ní àlejò ìlú ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n sì ń wá iṣu tí wọn yóò fi se oúnjẹ fún wọn. Ìyá Yusrah kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́dọ̀ wa, wọn kì í tọrọ iṣu nítorí àlejò ìlú kí èèyàn sọ pé kò sí.

Ó mú ọ̀bẹ àti ọkọ́ kékeré, ó lọ sídìí ebè. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ní àsìkò yẹn, a kì í fa ìtàkùn iṣu tu. Ó rọra la ẹ̀gbẹ́ ebè títí ó fi rí iṣu, ó gé e nísàlẹ̀ orí, ó fa iṣu jáde, ó sì fi orí rẹ̀ sílẹ̀ lára ìtàkùn. Ó kó iyẹ̀pẹ̀ padà, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Orí yẹn ni yóò tún so iṣu kéékèèké, òun la ó fi ṣe èbù lọ́dún tó ń bọ̀. Ó wá bu eérú, ó fi pa ojú ibi tó gé lára iṣu náà kó má baà jẹrà. Méje ló wa bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ya ẹsẹ̀ méjì nísàlẹ̀ bí ẹni wọ ṣòkòtò.

"Mubashir, ọmọ mi," ló wí bó ṣe ń dì í fún un, "bá mi bẹ Alága. Jímọ̀ yìí náà ni wọ́n ń sọ. Sọ fún un pé èmi ni mo bọ́ àlejò rẹ̀."

Mubashir ní òun yóò sọ. Kò sọ ọ́. Ó sin iṣu náà sínú ebè Alága lóru, ó sì lọ sílé, kò lè jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé. Ọ̀gá àgbà tó wá láti Ìlọrin, Ìyáàfin Helen, wọ bàtà pẹlẹbẹ, kò sì jẹ́ kí wọ́n ru agbòjò sí òun lórí. Ọmọ Èsìẹ́ ni, oko iṣu ni ìyá rẹ̀ fi rán an nílé ìwé, ṣùgbọ́n Alága kò mọ èyí. Kò bèèrè. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ti pọ̀ jù fún un láti bèèrè nǹkan.

Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Ó ní kí òun tó dé, ìlú yìí kò mọ iṣu yàtọ̀ sí òkúta. Ó ní òun fi ọwọ́ òun gbìn, òun fi òógùn òun rin ín. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ọkọ́ kan fún un tí wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ lọ́rùn. Alága tẹ̀ mọ́ ebè àkọ́kọ́, ó kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, iṣu fò jáde bí ẹni tó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́. Ó lọ sí èkejì, ìyẹn náà fò jáde. Nígbà tí yóò fi wa ìkeje, tí ó ní ẹsẹ̀ méjì, òógùn kò tíì yọ lára rẹ̀.

"Baba Oúnjẹ!" ni Mubashir wí. Ohùn rẹ̀ kò dún dáadáa.

Ìyáàfin Helen bẹ̀rẹ̀, ó gbé iṣu kan. Ó wo iṣu, ó wo ìtàkùn. Ó fi ọwọ́ ra ìtàkùn náà.

"Alága," ló wí jẹ́jẹ́, "ìtàkùn yìí ní igun mẹ́rin. Ewùrà kọ́ nìyí?"

"Ewé ni, Mà! Ewé oríṣiríṣi ló máa ń hù ní ìgbà ìṣàkóso mi."

"Iṣu funfun ló sì wà nídìí rẹ̀?"

"Ìtẹ̀síwájú ni, Mà."

"Eérú wà lára rẹ̀. Ta ló lọ pa eérú sí i lára nínú ilẹ̀?"

"Èmi ni, Mà. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni. A máa ń pa eérú sí wọn lára kí òtútù má mú wọn."

Àwọn ènìyàn ti ń fi aṣọ bo ẹnu. Ìyáàfin Helen yí iṣu náà po lọ́wọ́.

"Ó dára. Orí rẹ̀ dà?"

Alága kò tíì gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ó wo iṣu. Ó wo Mubashir, Mubashir ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Mà," ni Alága wí pẹ̀lú ìgboyà, "iṣu tèmi kì í ní orí. A ti mú orí kúrò nínú ètò náà. Orí ló ń jẹ́ kí iṣu ṣe agídí!"

Ẹ̀rín bú. Àwọn àgbàlagbà tó jókòó níwájú di ara wọn mú. Ìyáàfin Helen nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo àyè tí wọ́n pèsè fún ère, ó ní, "Ọ̀pọ̀ àwọn ère tó wà lọ́dọ̀ wa ní Èsìẹ́ náà kò ní orí mọ́, Alága. Bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe tiyín náà nìyẹn."

Alága rí i pé ó yẹ kí òun yí ọ̀rọ̀ padà. Ó na ìka sí òdìkejì ọ̀nà. "Mà, ẹ fojú síbẹ̀ yẹn! Igbó lásán ni. Lọ́jọ́ Jímọ̀ yìí, a ó ro ó kanlẹ̀, ibẹ̀ ni mọ́tò yín yóò máa dúró sí!"

Ká ní kò sọ ìyẹn ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá parí síbi ẹ̀rín. Ìyá Yusrah wà lẹ́yìn gbogbo wa. Láti ìgbà tí iṣu ẹlẹ́sẹ̀ méjì ti jáde nínú ilẹ̀ ló ti mọ̀ pé iṣu òun ni, ṣùgbọ́n ó gbé e mì, nítorí ìtìjú ìlú. Nígbà tó gbọ́ "igbó lásán," ó bọ́ síwájú. Kò kí ẹnikẹ́ni ní kíkí òfin.

"Mà," ló wí fún Ìyáàfin Helen, "iṣu wọ̀nyẹn ní orí. Orí wọn wà lọ́dọ̀ mi."

"Irọ́!" ni Alága ké.

"Ẹ máa bọ̀ ká lọ wò ó, Bàbá."

A kó iṣu méjèèje dání, a lọ o. Gbogbo ìlú ló sọdá títì, ìgbìmọ̀, pásítọ̀, lèmọ́mù, àwọn ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n. Ìyá Yusrah kúnlẹ̀ sídìí ebè àkọ́kọ́, ó fi ọwọ́ kó iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Orí iṣu wà níbẹ̀ lára ìtàkùn, ìtàkùn sì ń yọ ewé tuntun. Ìyáàfin Helen gbé iṣu kan sí i lẹ́nu, kò bá a mu. Ó gbé òmíràn, ó bá a mu rẹ́gí, débi pé a kò rí ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà. Wọ́n lọ sí èkejì. Wọ́n lọ sí ẹ̀kẹta. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀kẹrin, àwa tí a wà lẹ́yìn ti ń kà á sókè. "Márùn-ún! Mẹ́fà!" Nígbà tí ẹlẹ́sẹ̀ méjì náà rí orí rẹ̀, ariwo tí a pa kò yàtọ̀ sí ti ibi ìkómọ.

Alága ní gbólóhùn kan tó kù. "Ẹ̀yin ènìyàn mi," ló wí, "ó hàn gbangba pé orí iṣu mi ló sá wá síbí."

Ìyáàfin Helen bèèrè bóyá ìgbìmọ̀ ní òfin tó kan irú ọ̀rọ̀ báyìí. Mubashir ní ó wà. Ó fa ìwé yọ nínú àpò. Ohùn rẹ̀ dún gaara fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún yẹn. Ó ka Òfin Kẹrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ka orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i, ó sì dọ̀bálẹ̀ níwájú Ìyá Yusrah.

"Ìyá, èmi ni mo sin wọ́n. Mo purọ́ fún yín. Ẹ foríjì mí."

"Dìde," ni Ìyá Yusrah wí. "Lọ jẹun. O ti rù."

Àwọn àgbà ìlú kò jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú. Wọ́n gba ipò alága lọ́wọ́ Olúṣẹ̀yẹ, wọ́n gbé Ọgbà Àwòkọ́ṣe fún Ìyá Yusrah gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, ilẹ̀ ẹ̀yìn dìsìpẹ́ńsárì sì dúró síbi tó wà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n dá fún òkúta, Yusrah àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń já gbọ́rọ̀ níbẹ̀. Ebòlò sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù káàkiri láìgbàṣẹ.

Pátákó ńkọ́? Wọn ò fi ṣòfò, ìgbà ìṣọ́wóná la wà. Ìyá Yusrah ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ lójú oòrùn. Orí rẹ̀ ló ń sá èlùbọ́ sí. Tí ẹ bá kọjá níbẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ ó rí ojú Alága tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ láàárín iṣu gígé, ègé kan sì máa ń wà lórí imú rẹ̀.

Olúṣẹ̀yẹ kò jáde fún oṣù púpọ̀. Àwọn tó ń kí i lẹ́ẹ̀mẹta kò kí i lẹ́ẹ̀kan mọ́. Ìrẹsì òkèèrè tán nílé, ọ̀nà tó ń gbà wọlé ti dí. Àyìnkẹ́ sọ fún wa pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹun lójúmọ́ báyìí. Lọ́tẹ̀ yìí, a gbà á gbọ́, inú wa ò sì dùn sí i tó bí a ṣe rò.

Lóṣù Kejìlá, ewùrà ta, ní àkókò tó wù ú. Ebè ogójì náà so débi pé Ìyá Yusrah pín in kárí àdúgbò. Ó mú èyí tó tóbi jù, ó gbé e fún Àyìnkẹ́.

"Ẹ gbé e fún Bàbá," ló wí. "Ẹ sọ fún wọn pé orí rẹ̀ wà lára rẹ̀."

Olúṣẹ̀yẹ gbé ewùrà náà sórí itan, ó wò ó pẹ́. Ó na ọwọ́ sókè bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n adìẹ kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀, ó sì sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé orí ewùrà náà. Ó bu eérú nínú àdògán, ó fi pa á. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé ọkọ́ lọ sẹ́yìn balùwẹ̀, ó kọ ebè kan, ó sì gbin orí náà sí i. Kò lo okùn. Ebè náà wọ́ gan-an.

Àyìnkẹ́ ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó gbé omi tó fi fọ ẹ̀wà, ó jáde, ó lọ dà á síbẹ̀.